Yahagi Teiji àti Ẹ̀rọ Omi Okutaira

Títí di òní, bí a bá dárúkọ Yahagi Teiji ní Okutaira, ẹnìkan á sọ pé òun ló jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀rọ omi lọ́wọ́ wa. Wọn kì í pariwo sọ ọ́. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, wọ́n á sì máa mu tíì wọn lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé Ìyá Masu jó. Èmi ni mo di rọ́bà tó ń fa omi mú.

Abúlé wa wà ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí yìnyín ti máa ń ga ju fèrèsé lọ kí oṣù kìíní tó parí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìjọba ìbílẹ̀ wa dá dúró. A ní ọkọ̀ panápaná tiwa, a sì ní ilé ọlọ́pàá kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà tó wọ abúlé. Ọlọ́pàá náà ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá jáde, ìyàwó ní ń dáhùn fóònù. Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ, ìyàwó yìí kan náà ní ń fọn fèrè ìdágìrì, tí í pe gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́pàá Hoshikawa ló gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó mọ arúgbó tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn àti èyí tí etí rẹ̀ ti di. Nígbà tí ènìyàn dín kù, wọ́n da ìjọba ìbílẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti ìlú ńlá tó wà ní òdìkejì òkè. Ọkọ̀ panápaná lọ sí ọ̀hún. Hoshikawa àti ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ọlọ́pàá máa ń la abúlé wa kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí àlejò tó ṣìnà.

Ohun tó ṣẹ́kù fún wa ni ẹgbẹ́ panápaná abúlé, ìyẹn àwa fúnra wa: àgbẹ̀, káfíńtà, awakọ̀, àti èmi Kohei, tí mo lọ kàwé ní olú-ìlú tí mo sì padà wá ta ajílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ àgbẹ̀. A ní ẹ̀rọ ìfami kan tí a gbé ka orí pátákó tó ṣeé wọ́ lórí yìnyín, a sì kọ́ ilé páànù kan fún un. Teiji ni ọ̀gá wa. Ọjọ́ orí tó yẹ kó fẹ̀yìn tì ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ènìyàn kúkurú ni, àgbẹ̀ onírẹsì, tí òtútù ti jẹ etí rẹ̀ kan. Nígbà tó wà ní kékeré, iná jó ìdajì abúlé yìí. Bàbá rẹ̀ fi korobá pọn omi títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Teiji fi ń tọ́jú ẹ̀rọ náà bí ẹni tọ́jú ẹṣin. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ń nù ún, ó ń fi òróró sí i, ó sì ń ta á jí kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Isamu káfíńtà kì í jẹ́ kó sinmi. "Ọ̀gá, ká ní ẹ ń fọwọ́ ra ìyá ilé lára báyìí ni, ọmọ yín ò bá ti kún abúlé."

"Ìyá ilé kì í dákú bí mo bá gbàgbé ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan."

"Ẹ jẹ́ n lọ bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni."

"Lọ bi wọ́n. Kó o sì gbé àkàbà dání, torí orí igi lo máa sùn."

Ìyá Masu, opó arúgbó tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Masu, tó ń dá gbé nítòsí ilé páànù náà, máa ń gbọ́ ẹ̀rín wa. Á gbé àwo ewébẹ̀ oníyọ̀ wá, gbòǹgbò funfun tó gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á gbé e sórí ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ọjọ́ tí ilé mi bá ń jó, mi ò fẹ́ kí ebi máa pa yín." A máa ń rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú eyín rẹ̀ tó ku díẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ gọ́tà wa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ó gba iwájú ilé gbogbo kọjá, ó jìn, ó sì ní ìdérí irin. Ní ìgbà òtútù, wọ́n ń tú omi òkè sínú rẹ̀ ní ìpín-ìpín: àdúgbò òkè láàárọ̀, àwa kí ọ̀sán tó pọ́n, àdúgbò ìsàlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí omi bá kàn ọ́, wàá ṣí ìdérí, wàá máa fi ṣọ́bìrì da yìnyín iwájú ilé rẹ sínú rẹ̀, omi á sì gbé e lọ sódò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti ń wo ìyá rẹ̀ tó ń dà á. Kí ó tó dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà gọ́tà kí orí rẹ̀ tó rò ó. Inú gọ́tà yìí kan náà ni ẹ̀rọ wa ti ń mu omi ní ìgbà òtútù, nítorí yìnyín ti bo àgbá omi tó wà lẹ́bàá ojúbọ mọ́lẹ̀. A gbẹ́ kòtò ìfami sí igun ilé Ìyá Masu.

Ní ìparí ọdún, Nagumo, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, wá bá wa nínú gbọ̀ngàn abúlé. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó tẹrí ba, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìlú ńlá fẹ́ dín ẹgbẹ́ abúlé kù. Ẹgbẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kọṣẹ́, wọn ò ní tún un ṣe mọ́. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ, wọ́n á sì ti ẹgbẹ́ náà pa.

"Ta ló máa wá pa iná fún wa nígbà náà?" Isamu bi í.

"Ọkọ̀ ńlá á wá láti ìlú, ẹ̀gbọ́n."

"Gba orí òkè? Nínú yìnyín? Kó tó dé, eérú ò ní ti tutù?"

Nagumo tún tẹrí ba. Ìpàdé ti fẹ́ tú kí Teiji tó dìde. Ó wá ní, "Ẹ̀rọ wa ò ní kọṣẹ́." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń dúró fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí ilé Ìyá Masu jó, oòrùn ràn. Yìnyín ti rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo ènìyàn sì ti gun òrùlé láti kó o kúrò. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa yòókù ti lọ síbi iṣẹ́ nílùú. Èmi, Teiji àti Isamu nìkan ló wà nílé. Kiyono, ọmọ Ìyá Masu, wà lórí òrùlé ilé tirẹ̀, tó kángun sí ti ìyá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí èéfín. Arúgbó náà sá aṣọ tutù sókè sítóòfù kẹrosíìnì, bí gbogbo wa ti ń sá a, aṣọ sì já bọ́.

Kò sí ìyàwó ọlọ́pàá mọ́ tí yóò fọn fèrè. Teiji fúnra rẹ̀ pe ìlú ńlá lórí fóònù, ó sáré lọ lu agogo kó tó sáré padà wá síbi ẹ̀rọ. A wọ́ ọ dé igun ilé náà, a bá Isamu tó ti di Kiyono mú ní ìbàdí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ìyá mi wà nínú ilé!"

"Ẹ ò lè wọbẹ̀, àǹtí! Ẹ ò rí iná ni?"

Kiyono gé Isamu jẹ lọ́wọ́. Teiji gbá a ní èjìká mú. "Kiyono, wò mí. Wo ojú mi. Ọkọ̀ panápaná ń bọ̀ láti ìlú. Kò lè gba ọ̀nà yìí. Kó àwọn obìnrin jọ, kẹ́ ẹ lọ la ọ̀nà fún un. Ṣó o gbọ́? La ọ̀nà." Ó fi ṣọ́bìrì tirẹ̀ sí i lọ́wọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ló wá fún ọwọ́ obìnrin náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà gbé e wọ inú iná. Kiyono wo ṣọ́bìrì náà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó sáré lọ.

Mo ti rọ́bà ìfami bọ inú kòtò. Omi kún gọ́tà, ó ń sáré. Àsìkò tiwa ni. Ẹ̀rọ jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí Teiji fa okùn rẹ̀. Isamu di ẹnu rọ́bà iwájú mú, omi jáde, ó fọ́ gíláàsì fèrèsé, èéfín funfun bò wá. Iná tó wà ní ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí rẹlẹ̀. Isamu gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rákò, ó ń fi omi la ọ̀nà níwájú ara rẹ̀.

"Mo rí wọn!" Ohùn rẹ̀ há. "Mo rí ẹsẹ̀ wọn! Ọ̀gá, ẹ fi kún omi!"

Teiji fi kún un. Omi náà ga, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí tínrín. Ó di okùn, ó di itọ́. Ẹ̀rọ náà ké igbe kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí lọ́jọ́ Àìkú kankan.

"Omi! Omi dà?"

Teiji yẹ ìsopọ̀ rọ́bà wò, ó fún un, ó tún ẹ̀rọ ta. Mo fa rọ́bà mi sókè. Ẹrẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wo inú gọ́tà: òkúta ìsàlẹ̀ ń dán nínú oòrùn.

"Ọ̀gá, gọ́tà ti gbẹ."

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì sáré gòkè. Mo tẹ̀ lé e.

Ní kọ̀rọ̀ tó wà níwájú ilé ọlọ́pàá tó ti ṣófo, a bá àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Kiyono ló ṣáájú. Mi ò rí ènìyàn tó ń kó yìnyín yára bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń yí, ó ń dà á. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó ń yí, ó ń dà á, inú gọ́tà, inú gọ́tà, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ gbogbo, ènìyàn á dúró wo bí omi ti ń gbé èyí lọ kó tó da òmíràn. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó wo omi. Yìnyín ti há mọ́ gọ́tà ní kọ̀rọ̀ náà, ó ti le bí ògiri, omi sì ti gun bèbè kejì, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wọ inú oko ìrẹsì.

Kiyono rí Teiji. Ojú rẹ̀ pọ́n, omijé ti dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọ̀gá, ọ̀nà ti fẹ́ là o! Ṣé wọ́n ti gbé ìyá mi jáde?"

Teiji wo gọ́tà. Ó wo obìnrin náà. Mo ń retí kó kígbe. Èmi gan-an ti la ẹnu.

"Ó ku díẹ̀," ó wí. "Ẹ lọ síwájú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ṣì ga. Inú oko ni kẹ́ ẹ dà á sí."

Wọ́n lọ. Ìgbà tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa ni Teiji tó bẹ́ sínú gọ́tà. Omi yìnyín mù ún dé ìbàdí. Ó ń fi gìgísẹ̀ gbá ògiri náà, ó ń fi ọwọ́ ya á, èmi ń fi pákó gún un láti òkè. Nígbà tó já, omi náà gbé e ṣubú. Ó dìde, ó ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A gbọ́ ìró òrùlé tó wó kí a tó dé ọ̀hún. Isamu jókòó sórí yìnyín, ó di ẹnu rọ́bà mú, irun ojú rẹ̀ ti jó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ga, ó mọ́, kò sì sí ohun tí a lè fi ṣe mọ́.

Ọkọ̀ ìlú ńlá dé lẹ́yìn náà. Ọ̀nà tí Kiyono là fún un fẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ náà kò dúró níbì kankan títí tó fi dé iwájú eérú.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí iná bá ṣẹ́ yọ nílé rẹ̀ ní ń lọ tọrọ àforíjì láti ojúlé dé ojúlé, ì báà jẹ́ òun ni òkú kú fún. Lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú ìyá rẹ̀ tán, Kiyono wọ aṣọ dúdú, ó mú aṣọ ìnura tuntun dání fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mo wà nílé Teiji nígbà tó dé ibẹ̀. Ibà ti dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ tó jáde nínú gọ́tà, ṣùgbọ́n ó dìde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Kiyono wí, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. "A kó wàhálà bá yín. Ìyá mi kó wàhálà bá yín."

"Dìde ńlẹ̀. Ilẹ̀ tutù."

Kò dìde. "Ọ̀gá, Isamu ní òun rí wọn. Ó ní omi ló dáwọ́ dúró." Ó gbé ojú sókè díẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí omi?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ ìró omi tó ń hó nínú kẹ́tùlù.

"Ẹ̀rọ ni," Teiji dáhùn. "Ó ti gbó. Mi ò tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀ fún ẹ." Ó sì kúnlẹ̀, àgbàlagbà náà, pẹ̀lú ibà lára, ó tẹrí ba fún un títí orí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún Kiyono di ohun tí kò lè yí padà mọ́. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ìwádìí nínú gbọ̀ngàn abúlé, Nagumo jókòó sí apá kan, Hoshikawa, ọlọ́pàá wa àtijọ́, jókòó sí apá kejì, nítorí ìlú ńlá rán an wá torí pé ó mọ ibẹ̀. Gbogbo abúlé wá. Kiyono wà nídìí ilẹ̀kùn.

"Bàbá," Nagumo bẹ̀rẹ̀, "kí ló dá omi dúró?"

"Ẹ̀rọ ló kọṣẹ́."

Isamu bẹ́ sókè. "Irọ́ ni! Ẹ̀rọ yẹn? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nù ju imú ara wọn lọ? Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń sọ? Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe!"

"Jókòó, Isamu."

"Mi ò jókòó! Kohei, ìwọ lo di rọ́bà mú. Sọ̀rọ̀!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ojú Kiyono wà lára wọn. Mo ní ariwo pọ̀, èéfín pọ̀, mi ò rí nǹkan kan. Isamu wò mí títí, ó tutọ́ sínú áṣìtireè, ó sì jáde.

Nagumo kò yọ̀. Mo gbà pé kò yọ̀. Ó ní, "Ó máa dùn mí, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí a jọ sọ lọ́jọ́ sí."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Níta, Hoshikawa bá wa lẹ́bàá ilé páànù. Ó ti fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà láàárọ̀. "Bàbá, mo gbé kọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún púpọ̀. Mo rí ibi tí omi gbà wọ oko. Ó dì síbẹ̀ bíi díńgí."

"Ojú ọlọ́pàá kì í pa ohun kan tì," Teiji wí. "Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

Hoshikawa bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbọn yìnyín orí rẹ̀ dànù. "Ká ní a ṣì wà níbí ni, ìyàwó mi ni ì bá lọ la ọ̀nà yẹn. Ó máa ń wo omi." Ó tún fìlà dé, ó wọ ọkọ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ náà. Teiji ti nù ún. Awakọ̀ tó wá gbé e fa okùn rẹ̀ fún eré, ẹ̀rọ náà sì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú gbogbo wa. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ibí, èwo ló kọṣẹ́ níbí?" Isamu, tó dúró lókèèrè, yí padà lọ sílé, kò sì bá Teiji sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Kiyono wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń wo ẹ̀rọ tó ń ké lórí ọkọ̀, títí awakọ̀ fi pa á, lẹ́yìn náà ó yíjú sí gọ́tà.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, yìnyín tètè dé. Ilé páànù wà níbẹ̀ láìní nǹkan kan nínú. Teiji kò ní ohun tó ń ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Mo ń bá a dúró nígbà mìíràn, nítorí èmi nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi dé gọ́tà wa, gbogbo àdúgbò jáde. Ìdérí irin ń ṣí gbàgà-gbàgà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kiyono náà jáde. Kò ṣí ìdérí tirẹ̀. Ó wọ́ pátákó kan jáde, ó kó yìnyín sí i títí ó fi ga, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ. Ó kọjá lórí omi tó ń sáré lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wọ́ ọ gba iwájú ilẹ̀ ilé ìyá rẹ̀, gba kọ̀rọ̀ ilé ọlọ́pàá, dé inú oko ìrẹsì, ó sì dà á síbẹ̀. Ó padà wá gbé òmíràn.

"Kiyono!" obìnrin kan pè é. "Kí lò ń ṣe? Omi nìyí níwájú ẹ!"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n," ó dáhùn, kò sì dúró.

Teiji wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Níkẹyìn ó wọlé, ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tíì padà bọ̀ sípò láti ọjọ́ gọ́tà. Ó lọ sẹ́yìn pátákó náà, ó tẹ ara síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Kiyono mọ̀ pé pátákó náà ti fúyẹ́. Kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n wọ́ ọ lọ sínú oko, wọ́n dà á, wọ́n padà wá kó òmíràn, títí àsìkò omi fi tán tí gọ́tà sì gbẹ.